Mo Gbé Kádì Irin Orí Ọkọ Mi Pamọ́

Ẹ má bá mi wá àwíjàre. N kò gbàgbé, n kò ṣèèṣì, ẹnikẹ́ni kò sì tì mí sí i. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé kádì kan pamọ́, ó sì ku díẹ̀ kí ọkọ mi bá a lọ.

Awakọ̀ tírélà ni ọkọ mi. Ọdún méjìdínlógún la ti jẹ́ tọkọtaya, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ka ọjọ́ tó sùn nílé pọ̀, agbára káká ni yóò fi pé ọdún mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Èmi sì mọ ibi tí Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Obìnrin kan wà ní ibùdó tí wọ́n ti ń já ẹrù. Mo rí àwòrán rẹ̀ nínú fóònù ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan. Súwẹ́tà tí mo fọwọ́ ara mi hun fún ọkọ mi ló wọ̀ sọ́rùn.

Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Òtútù ló ń mú un."

"Òtútù ń mú un, lo wá bọ́ aṣọ fún un?"

"Ṣé kí n máa wò ó títí yóò fi kú ni?"

Irú ilé tí mo wà nìyẹn.

Èmi ní tèmi, ibi tí wọ́n ń kó fáìlì sí ní iléeṣẹ́ omi ni mo ti ń jẹun. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti lò láàárín páálí àti eruku. Òfin méjì la ní níbẹ̀. Ẹni tó bá gba ìwé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun gbà á. Ìwé kankan kò sì gbọdọ̀ ya, ì báà jẹ́ ti òkú. Òfin méjèèjì ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n gbé ọkọ mi dé láti ọgbà tí wọ́n ti ń di ẹrù. Ó di orí mú, ó ń bì. Ó ní ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹnìkan ń fi òòlù lu òun látinú. Nílé ìwòsàn, dókítà ṣàlàyé pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nínú ọpọlọ rẹ̀ ló wú bíi bàlúùnù, tí ara rẹ̀ wá fẹ́lẹ́, tó sì bẹ́ díẹ̀. Wọ́n la orí rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n fi irin kékeré kan há ọrùn ibi tó wú, bí a ṣe ń fi nǹkan há aṣọ mọ́ okùn. Ó yè é. Dókítà ní méjì nínú mẹ́wàá ni kì í yè é dé ilé ìwòsàn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá wa sílẹ̀, nọ́ọ̀sì kan mú kádì kékeré kan fún mi.

"Màmá, ẹ má sọ eléyìí nù o. Irú irin tó wà nínú orí ọkọ yín ni wọ́n kọ sí i. Tí wọ́n bá fẹ́ yàwòrán nínú ẹ̀rọ òòfà, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn. Irin kan wà tí òòfà lè fà yí po. Tó bá yí nínú orí, ẹ ti mọ ìyókù."

Ó ṣí ìwé ńlá kan. Mo kọ orúkọ mi ní kíkún, mo kọ ọjọ́, mo kọ aago, mo fọwọ́ sí i. Òǹtẹ̀ nìkan ló kù.

Dókítà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ padà wá ká ya iṣan ẹ̀jẹ̀ yẹn wò. Irin tí a fi há a lè má há a tán. Ó lè ku fíntín lọ́rùn, kí fíntín yẹn tún máa wú. Ojú lásán ò lè rí i, ẹ̀yin náà ò ní mọ̀ ọ́n lára. Àwòrán nìkan ló lè sọ fún wa."

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọkọ mi bi í. "Dókítà, ìgbà wo ni mo máa padà sídìí ọkọ̀ mi?"

"Tí àwòrán bá dára, màá fọwọ́ sí ìwé yín."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tó rín láti ọjọ́ tí wọ́n ti là á lórí nìyẹn. Èmi ni mo ń fọ ìtọ́ rẹ̀, èmi ni mo ń gbé e lọ sílé ìtọ̀. Kò rẹ́rìn-ín sí mi.

Ó padà sílé. Ẹ máa rò pé àìsàn sọ wá di ọ̀rẹ́. Rárá o. Ìjà là ń jà. Tí mo bá se oúnjẹ, ó ní iyọ̀ pọ̀. Tí n kò bá se é, ó ní mo fẹ́ fi ebi parí ohun tí abẹ kò parí. Yóò jókòó sójú fèrèsé, yóò máa wo títì.

"Ilé yìí há bí àpótí," ló máa ń wí.

"Ó ṣáà gba àwa tó ń gbé inú ẹ̀."

"Àwọn fáìlì náà ń gbé inú páálí. Wọn ò mọ nǹkan míì."

Síbẹ̀, tí mo bá tibi iṣẹ́ dé tí mo rí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn mi á balẹ̀. Ìjà tó wà nílé dùn mọ́ mi ju àlàáfíà tó wà lójú títì lọ. Àìsàn tó bá a, èmi ló ń ṣe lóore. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe wí i. Ọ̀rọ̀ burúkú ni, mo mọ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ àwòrán pé. Mo ń nu ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọkọ mi láti inú ibẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí fóònù, ohùn tí kò fi bá mi sọ̀rọ̀ rí.

"Má sunkún mọ́. Àwòrán kan péré ló kù. Oṣù tó ń bọ̀, o máa rí mi."

Mo ká aṣọ ìnulẹ̀ mi. Mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ní wákàtí ìsinmi ọ̀sán, mo lọ sílé ìwòsàn. Bàbá kan tó so ìgò ojú rẹ̀ mọ́ okùn ló ń kọ ọjọ́ fún àwọn aláìsàn.

"Ọkọ mi ò ní lè wá, sà. Ó rìnrìn àjò."

Ó gbójú sókè. "Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la orí ẹ̀ ló rìnrìn àjò?"

Irọ́ kì í dá rìn. "Àbúrò bàbá ẹ̀ ló kú, sà."

"Ah. Ẹ kú ọ̀fọ̀. Oṣù méjì sí i, ṣé ó dáa? Ẹ fọwọ́ síbí."

Mo fọwọ́ síbẹ̀. Ní alẹ́, mo sọ fún ọkọ mi pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ó pòṣé títí ó fi sùn.

Nígbà tí oṣù méjì pé, mo tún lọ. Mo ní wọn ò tíì parí ọ̀rọ̀ ogún olóògbé. Mo fọwọ́ sí i. Nílé, mo ní dókítà lọ fún ìsinmi. Ẹ̀kẹta, mo ní ọkọ mi ń ṣàìsàn ibà. Bàbá ìgò ojú ní, "Ẹ̀yin yìí mà ní wàhálà o," ó sún ọjọ́ síwájú. Ẹni àádọ́ta wà lẹ́yìn mi lórí ìlà, ta ni yóò ráyè wádìí?

Ẹnì kan ráyè. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Màmá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Kò fẹ́ràn mi rí, èmi náà kò sì fi gbèsè ìfẹ́ sílẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ó máa ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo ṣì.

"Ìyàwó, oṣù mẹ́fà ni dókítà sọ, àbí etí mi ló di?"

"Etí yín ò di, mà. Ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́."

"Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ń tún un ṣe? Wọ́n ń kọ́ ẹ̀rọ tuntun ni?"

"Ẹ lọ bi wọ́n, mà. Èmi kọ́ ni mo ni ín."

"Màá lọ. Màá mú un lọ fúnra mi. Kó gbogbo ìwé ẹ̀ sójú kan dè mí."

Ó sọ ọ́ bí eré, ṣùgbọ́n obìnrin náà kì í ṣeré. Tó bá mú un débẹ̀, tí wọ́n yàwòrán, tí àwòrán dára, ọkọ mi ti lọ nìyẹn. Ibẹ̀ ni kádì wá sọ́kàn mi. Láìsí kádì, wọn ò ní jẹ́ kó dé ẹnu ẹ̀rọ.

Mo yọ ọ́ kúrò nínú àpò ìwé rẹ̀. Mo dúró ti iná ìdáná, mo mú un dání, ọwọ́ mi kọ̀. Ẹni tó ti ń tọ́jú ìwé láti ọdún mẹ́rìndínlógún kò lè sun ìwé. Mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo fi í sáàárín fáìlì àwọn oníbàárà tí a ti gé omi wọn. Ẹnikẹ́ni kì í ṣí ibẹ̀. Ìwé tó bá wọ fáìlì tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sọ nù ju èyí tí iná jó lọ.

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, Màmá Tíṣà kò tíì ráyè dé, mo ń bu omi fún ọkọ mi láàárọ̀, mo rí i pé ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, bíi ti ẹni tí oorun ń kùn.

"Ojú ẹ ńkọ́?"

"Ó wúwo. Mo sì ń rí nǹkan ní méjì-méjì láti àná." Ó wò mí tẹ̀gàntẹ̀gàn. "Ìwọ kan kò tíì sú mi tán, mo tún ń rí ìkejì."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Dókítà ti fún wa ní ìwé kan lọ́jọ́ tí wọ́n dá wa sílẹ̀. Mo ti kà á, mo ti há a sínú fáìlì. Ó wà nínú rẹ̀ pé tí ìpéǹpéjú bá wálẹ̀, tó bá ń rí méjì-méjì, ẹ má dúró de ọjọ́ tí a dá, ẹ máa gbé e bọ̀ kíá.

Mo sọ fún un pé, "Àìsùn ni. O ń wo tẹlifíṣọ̀n jù."

Tí mo bá gbé e lọ, wọ́n á béèrè kádì. Tí wọ́n bá béèrè kádì, wọ́n á béèrè ohun tó kù. Mo ní kí n wo ọ̀la. Ọ̀la dé, mo ní kí n wo ọ̀túnla. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wo ìpéǹpéjú náà bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀ bí aṣọ fèrèsé.

Ní ọjọ́ karùn-ún, fóònù dún níbi iṣẹ́. Màmá Tíṣà ni. Kò kí mi.

"Ìyàwó, kí ló ṣe ojú àbúrò mi?"

"Ojú wo, mà?"

"Ojú tó ti pa dé! Ìwọ lo ń bá a sùn nílé, èmi ni mo wá láti òdìkejì ìlú kí n tó rí i? A ti wà nínú takisí, ọsibítù là ń lọ. Kádì ẹ̀ dà? Mo ti tú gbogbo ilé."

"Mi ò mọ̀, mà. Bóyá wọn ò tiẹ̀ fún wa."

"Ó dáa. Máa bọ̀ kí o wá tún un sọ níbẹ̀."

Mo dìde. Mo lọ sídìí àwọn fáìlì tí a ti gé omi wọn. Mo yọ kádì, mo fi í sínú báàgì mi. Kì í ṣe pé mo ti pinnu láti mú un jáde. Mo kàn mọ̀ pé n kò lè fi í sílẹ̀ níbẹ̀ mọ́.

Inú yàrá kékeré kan ni mo bá wọn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ọ̀dà ofeefee fa ilà sí iwájú rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń yàwòrán dúró lẹ́yìn ilà náà bí ọlọ́pàá ẹnu ibodè. Ọkọ mi jókòó lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Ojú òsì rẹ̀ ti pa dé pátápátá.

Dókítà yẹn kan náà ló wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ le. "Nǹkan kan ń tẹ iṣan tó ń gbé ìpéǹpéjú yìí sókè. Mo gbọ́dọ̀ rí inú orí ẹ̀ lónìí yìí. Àwòrán tí à ń fa oògùn sínú iṣan fún ló yá jù, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí a yẹ̀ wò fi hàn pé kíndìnrín ẹ̀ ò ní gbà á. Ti òòfà ni mo fẹ́. Kádì dà?"

Ọmọbìnrin ayàwòrán ní, "Kò sí kádì, kò sí ẹ̀rọ. Ẹ má bínú. Mi ò ní fi irin tí mi ò mọ̀ wọ ibẹ̀ nínú orí ẹnikẹ́ni."

"Ìwé iṣẹ́ abẹ ńkọ́?" Màmá Tíṣà béèrè.

"Ó sọ pé a fi irin há a. Kò sọ irú irin," dókítà dáhùn. "Nọ́ńbà ẹ̀ wà lórí kádì. Tí kò bá sí i, àfi ká fa oògùn, ká fi kíndìnrín ẹ̀ ta tẹ́tẹ́."

Gbogbo wọn wò mí.

Mo ní, "Wọn ò fún wa ní kádì kankan." Báàgì mi wà lórí itan mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹnu ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa dé tí bàbá ìgò ojú wọlé. Wọ́n ti ní kó wá fáìlì ọkọ mi wá. Ó gbé ìwé ńlá méjì há abíyá. Ó rí mi, ojú rẹ̀ tàn.

"Ah, màmá! Ẹ ti dé." Ó yíjú sí ọkọ mi. "Ẹ kú ọ̀fọ̀, sà. Ṣé ẹ ti parí ọ̀rọ̀ ogún náà?"

"Ogún wo?"

"Ti àbúrò bàbá yín tó kú."

Ọkọ mi gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀. "Bàbá mi ò ní àbúrò. Òun ni àbígbẹ̀yìn."



Bàbá náà gbé ìgò sójú. Ó ṣí ìwé àkọ́kọ́, ó ń fi ìka tọ ilà. "Ìyàwó yín ló wá sún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀fọ̀. Ogún. Ibà. Ẹ wò ó, ó fọwọ́ sí i." Ó ṣí ìkejì. "Kádì irin orí náà rèé. Gbígbà. Orúkọ, ọjọ́, aago." Ó mi orí, bí òṣìṣẹ́ tó rí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹni tó kọ ọ́ kún tó báyìí ò wọ́pọ̀."

Màmá Tíṣà gba ìwé náà, ó gbé e sún mọ́ ojú. Mo retí pé yóò pariwo. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ìyàwó. Nínú oṣù márùn-ún yìí, ṣé ẹ̀rọ kankan bàjẹ́?"

Mo ń wo ilà ofeefee tó wà nílẹ̀.

"Mo ní ṣé ẹ̀rọ kankan bàjẹ́!"

"Rárá, mà."

Ọkọ mi fi ojú kan tó kù fún un wò mí. "Kádì ńkọ́?"

Mo ṣí báàgì. Kọ́ọ̀mù àti kọ́kọ́rọ́ dà sílẹ̀. Mo na kádì náà jáde. Ọmọbìnrin ayàwòrán já a gbà, ó ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè fún dókítà, ó lọ wò ó nínú ìwé, ó padà wá. "Irin yìí dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ." Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ náà.

Kí wọ́n tó kọjá ilà ofeefee, ọkọ mi ní kí wọ́n dúró.

"Ó wà nínú báàgì ẹ," ó wí fún mi. "Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, o tẹ̀ ẹ́ mọ́ra."

"Mo gbọ́ ọ nínú balùwẹ̀," ni mo wí. Ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu nìyẹn. "Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ fún un."

"O gbọ́. O wá ní kí n kú?"

"Mo ní kí o dúró."

"Obìnrin yẹn gba ọkọ lọ́wọ́ ẹ. Ìwọ, ẹ̀mí ọkọ lo fẹ́ gbà. Ẹ tì mí wọlé, ẹ jọ̀ọ́."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀rọ náà ń dún bí ẹni tó ń fi irin gbá páànù. Màmá Tíṣà dúró ní gbogbo àkókò yẹn. Bẹ́ǹṣì gba ènìyàn mẹ́rin, kò jókòó tì mí.

Dókítà gbé àwòrán náà síwájú iná, ó fi kálámù tọ́ka sí i. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ náà là bí ẹ̀ka igi. Ní ibì kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òjìji irin, nǹkan ribiti kan yọ jáde.

"Ó ku díẹ̀ lọ́rùn lọ́jọ́ tí a há a. Kò lè ju orí abẹ́rẹ́ lọ nígbà náà. Ó ti tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ báyìí. Tí ẹ bá wá lóṣù kẹfà, à bá ti tètè rí i." Kò wo ojú mi. "Àwòrán yẹn kì bá tiẹ̀ ti jẹ́ kó padà sídìí ọkọ̀."

Ẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún? Àwòrán tí mo ń bẹ̀rù, tí mo fi oṣù márùn-ún purọ́ kí wọ́n má bàa yà á, òun gan-an ni ì bá dá ọkọ mi dúró sílé fún mi, láìṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Wọ́n tún la orí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó yè é. Ojú òsì rẹ̀ là dé ìdajì, kò sì gbé e tán títí dòní. Ìwé ọkọ̀ wíwà ti parí. Obìnrin ibùdó kò wá wò ó, kò pè é. Màmá Tíṣà ló kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé tirẹ̀, bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló kó gbẹ̀yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, tí ọkọ yín bá ń ṣìnà, ẹ fi ẹnu bá a jà. Ẹ pe ẹbí. Ẹ kó ẹrù yín. Ẹ má fi ìwé ọsibítù jà. Ẹ̀yin tí wọ́n sì dá ọjọ́ àyẹ̀wò fún, ẹ mọ ọjọ́ yín fúnra yín. Ẹni tó ń tọ́jú yín lè jẹ́ ẹni tí inú ń bí.

Ní oṣù tó kọjá, ọjọ́ àwòrán rẹ̀ tún pé. Mo mọ ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ẹsẹ̀ ń dun Màmá Tíṣà, kò lè tẹ̀lé e, ọkọ mi nìkan ló dá wá, ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri. Ó jókòó, ó fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ láàárín wa. Mo kí i. Ilẹ̀kùn ló kọjú sí.

Ọmọbìnrin ayàwòrán yọjú. "Sà, ta ló tẹ̀lé yín wá? Ẹni tí ẹ máa kó aago àti bẹ́líìtì yín fún."

Ọkọ mi yí gbogbo ọrùn sí ọ̀dọ̀ mi, nítorí ojú òsì rẹ̀ kò ríran tán. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó bọ́ aago, ó bọ́ bẹ́líìtì, ó kó wọn lé orí àyè tó ṣófo láàárín wa.

"Èmi nìkan ni mo wá," ó wí, ó sì wọlé.